BÍ A BÁ Ń SUNKÚN, À Á MÁA RÍRAN

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ọ̀fọ̀ àti ìròyìn tí fóònù ń gbé wọlé.

Bí ikú bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí gbogbo wa máa ń bi ara wa ni pé, "Kí ló pa á? Ta ló pa á?" Ìbéèrè náà ò burú. Ṣùgbọ́n èsì tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń dì mú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́, kì í lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ní 2021, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin mú un lọ gba abẹ́rẹ́ Kòrónà. Lọ́dún kejì, àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọlù ú, ó kú. Wọn ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ tí àbúrò fi rí i lórí WhatsApp pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn ò ní í lò ju ọdún méjì lọ láyé. Ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló pa bàbá." Látìgbà náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Màmá ń sunkún ọkọ, ó tún ń sunkún ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò, bí a ṣe ń tú àpò ẹ̀wà wò ká tó sanwó.

1. Ta ló sọ ọ́? Ní oṣù Karùn-ún 2021, wọ́n fi orúkọ Luc Montagnier, ará Faransé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008, tà á káàkiri. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

2. Ọjọ́ àdéhùn ńkọ́? Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní Nàìjíríà. Ọdún méjì pé ní 2023, ó ti kọjá. Ẹ wo ìsọ̀ ọ̀tún àti tòsì: àwọn tó gbà á ṣì ń tajà.

3. Kí ni ìwé sọ? Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n kà á sí gbogbo ọmọ létí. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ lè mú kí apá dunni, kí ara sì gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ewu tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, dókítà ló sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú ló máa ń fa rọpá-rọsẹ̀ jù.

Ẹ gbọ́ o: ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wà nínú ẹbí. Bí àwọn ọmọ ṣe ń jà lórí abẹ́rẹ́, ohun tó pa bàbá lè wà lára tiwọn náà, láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ẹ má fi àbúrò ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀dùn ọkàn ló ń wá ẹni tí yóò dì mú. Kí ẹ̀gbọ́n sọ pé, "Bàbá àwa méjèèjì ni, ó dun èmi náà." Kí wọ́n pa fóònù tì, kí wọ́n jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Kí àwa náà má sì fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ìròyìn wo la ti fi ránṣẹ́ láìtú u wò? Ìgbà wo la yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò gbẹ̀yìn?

Ọjà á tà o. A ò ní í fi ọ̀fọ̀ ra ìjà.