Orí Keje: Kòkòrò Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Àyẹ̀wò

Kilamídíà jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ tí kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní in tí wọn kò mọ̀. Kò sí ibi tó ń dùn wọ́n, kò sí ibi tó ń yún wọ́n. Bó bá pẹ́ lára, ó lè dí ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà dé ilé ọmọ, kí onítọ̀hún má sì rí ọmọ bí. Oògùn tó ń wò ó wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lo oògùn àrùn tí kò mọ̀ pé òun ní? Àyẹ̀wò ló lè tú àṣírí rẹ̀.

Lórílẹ̀-èdè Swídìn, láti ọdún 1988 ni òfin ti ní kí wọ́n máa ka gbogbo ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní kilamídíà, kí wọ́n sì wá àwọn tó bá a lò pọ̀ kàn. Ní ọdún 2006, wọ́n rí i ní agbègbè Halland pé iye náà ti fi nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 dín kù. Ẹlòmíràn ì bá máa yọ̀. Torvald Ripa àti Peter Nilsson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábù níbẹ̀, fura sí i: ṣé àrùn ló dín kù ni, àbí àyẹ̀wò ni kò rí i mọ́?

Kí ìdáhùn tó yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kòkòrò tó ń fa àrùn náà. Nínú ara kòkòrò kọ̀ọ̀kan ni DNA wà. Òun ló gbé àbùdá rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ ọ́ sílẹ̀: A, C, G àti T. Bí lẹ́tà wọ̀nyí ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ló ń ya kòkòrò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ti kilamídíà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lẹ́tà. Ó tún ní òrùka DNA kékeré kan lọ́tọ̀, tí lẹ́tà tirẹ̀ jẹ́ bíi 7,500. Àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ Roche àti ti Abbott, tí ọ̀pọ̀ lábù Swídìn ń lò nígbà náà, ibì kan lórí òrùka yìí ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá rí i, àrùn wà. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á ní kò sí.

Ìfura àwọn méjèèjì tọ̀nà: irú kòkòrò kilamídíà tuntun kan ti wà, tó ti pàdánù lẹ́tà 377 lórí òrùka rẹ̀, ibi tí àyẹ̀wò méjèèjì ń wò gan-an sì ni. Ẹni tó ní in gba èsì pé ara òun mọ́, ó lọ sílé, ó ń kó o ran ẹlòmíràn.

Ṣé káàkiri ni irú kòkòrò yìí ti ń hù, àbí ìdílé kan ṣoṣo ni? Láti mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń yan ibi mélòó kan lára DNA tí ìdílé kòkòrò ti máa ń yàtọ̀ síra, wọ́n á ka lẹ́tà ibẹ̀, wọ́n á sì fi ti ara ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn, bí àwọn àgbà ṣe ń wo ilà ojú kí wọ́n tó mọ ìlú ẹni. (Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ má fi eléyìí dá ìjà sílẹ̀ o: pé kòkòrò méjì jọra kò tó láti sọ ẹni tó kó o ran ẹnì kejì.) Ní Uppsala, ibi márùn-ún ni wọ́n kà. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ìdílé kan ni.

Ṣé ó wá lágbára ju àwọn yòókù lọ ni? Rárá. Ní àwọn agbègbè tó ń lo àyẹ̀wò Roche tàbí Abbott, ìdá 20 sí 65 nínú 100 kilamídíà tí wọ́n rí ló jẹ́ ti ìdílé yìí. Níbi tí wọ́n ti ń lo àyẹ̀wò mìíràn, tó ń wo ibòmíràn lórí òrùka náà, kò ju ìdá 7 sí 19 lọ. Àyẹ̀wò ló bá a ṣí ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì tún tiwọn ṣe, kí ó lè máa wo ibi méjì dípò ẹyọ kan. Láti ìgbà náà ni ìdílé kòkòrò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù láwọn agbègbè tó ti gbilẹ̀ jù.