Ìmọ́lẹ̀ Tí Kì Í Pa Ẹwà

*Olóòtú, láti ìgbà èwe ni mo ti ń kó àwọn ọkọ̀ kékeré jọ, wọ́n sì ti lé ní ogójì. Mo tò wọ́n sójú fèrèsé kí àlejò lè máa rí wọn, ṣùgbọ́n Volkswagen Ìjàpá pupa kan tí mo fẹ́ràn jù ti ṣá ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì sì pupa fòò síbẹ̀. Irú iná wo ni kí n tàn sí wọn? — Bàbá Ọlọ́kọ̀ Kékeré, Ọ̀fà.*

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọ́mí, mo kí yín, mo kí ilé. Àwọn àgbà ní ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ ku ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun ìṣeré ọmọdé ni ẹ ń tọ́jú. Ẹni tí ó bá rántí ọdún 1975, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, tí a sì ń to Volkswagen Ìjàpá pọ̀ ní Èkó, yóò mọ̀ pé ìtàn ìrìnàjò àwa àti àwọn òbí wa ni ẹ tò síbẹ̀ yẹn.

Kì í ṣe àìsí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣe ọkọ̀ yín, àpọ̀jù rẹ̀ ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìtànṣán oòrùn tí ń gba ojú fèrèsé wọlé lójoojúmọ́ ní í jẹ àwọ̀ pupa, òun náà ní í sọ ike tí a fi ṣe gíláàsì ọkọ̀ di pupa rúsúrúsú. Ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀ lónìí. Àwọ̀ tí ó ti lọ kò ní padà mọ́. Ẹ má sì kun Ìjàpá yẹn, ẹ ṣáà kọ ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣì pupa sí àlejò.

Ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan kan àpótí onígíláàsì mọ́ ògiri tí oòrùn kì í tàn sí, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì pa dé gírígírí nítorí eruku ọyẹ́. 504 tí a ṣe ní ìdá kan nínú 43 ojúlówó kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà, àpótí tí inú rẹ̀ jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 tó fún irú rẹ̀. Gíláàsì ni kí pẹpẹ inú rẹ̀ jẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè ṣàn dé ìsàlẹ̀.

Iná LED tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ni kí ẹ lò, kì í ṣe gílóòbù àtijọ́ tí ń gbóná bí ààrò. Òkè àpótí, lápá iwájú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an, ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ó lè tàn sí imú ọkọ̀. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn, òjìji dúdú lásán ni àlejò yóò rí. Ọ̀pọ̀ irú iná bẹ́ẹ̀ ń lo fóòtì 12, gẹ́gẹ́ bí bátìrì ọkọ̀ gidi, nítorí náà bátìrì sólà kékeré lè gbé e nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Bí àlejò bá ti lọ, ẹ pa á. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi máa gbọn eruku, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lákòótán, ẹ má kó gbogbo wọn síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà lẹ ni ìjàkadì, ẹ sì mọ̀ pé èèyàn méjì péré ní í wọ agbo lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo ojú fi ń rí wọn. Ẹ fi méjìlá síta lóṣù yìí. Kí àwọn yòókù sinmi nínú òkùnkùn títí yóò fi kan wọ́n.