Ẹlẹ́rìí Èké Inú Kọ̀ǹpútà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ohunkóhun kò pamọ́ fún. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, a mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbowó. Nítorí yín ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ Windows tí a fi èrú ṣí wá sórí mínbárì.

Microsoft gba àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti yunifásítì láyè láti ní kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa jẹ́rìí fún àwọn yòókù pé a ti sanwó wọn. Ẹ̀rí náà kì í lò ju 180 ọjọ́ lọ bí a kò bá sọ ọ́ dọ̀tun. Irinṣẹ́ bíi KMSPico a máa díbọ́n pé òun ni ẹlẹ́rìí yẹn. Ẹ̀yin náà mọ ipò ẹlẹ́rìí èké nínú ẹ̀sìn wa.

Àwọn kan a máa wí pé, "Àáfà, olówó ni wọ́n, kò lè dùn wọ́n." Ní 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé jókòó ní Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan jẹ́ dúkìá tí ṣàríà dáàbò bò. Wọn kò yọ olówó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti àmánà ni ó bà wá lẹ́rù jù. Kí irinṣẹ́ yìí tó wọlé, yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ètò tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín. Irú àlejò wo ni ó ń ní kí a lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó wọlé? Ní 2021, àwọn onímọ̀ ààbò rí ayédèrú KMSPico tí ó gbé Cryptbot sínú, èyí tí í jí ọ̀rọ̀ ìwọlé àti owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi NIN àti ìforúkọsílẹ̀ JAMB rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ kò mọ̀ pé fèrèsé ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí.

Kí a má fi bò: kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ ìwé kùtúbà yìí wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹni tí ó tún un ṣe ni ó fi í sí i, àwa kò sì bèèrè. A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ojúlówó kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú ẹ̀rọ náà láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é! Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí Windows 8 tàbí èyí tí ó tẹ̀lé e bá wá rí. Ó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ó gba Windows láti ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà sì ṣiṣẹ́ láìná kọ́bọ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní kọ́kọ́rọ́ lè lo Ubuntu àti LibreOffice. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Àwọn tí ó ṣe wọ́n ni ó yọ̀ǹda wọn. LibreOffice a máa ṣí fáìlì Word, àmọ́ ẹ yẹ ojú-ìwé wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí ìlà a máa yẹ̀ nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀dọ́ náà yóò wà ní ọ́fíìsì mọ́sálásí. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì yín nílé.