Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Fọ́tò Òru àti Owó Kámẹ́rà

Láàárín àwọn onífọ́tò tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ní Onírèké níbí, ohun kan ló ń pọ̀ sí i nínú fọ́ọ̀mù owó yíyá: kámẹ́rà tó ń yàwòrán dáadáa lálẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti onífọ́tò nìkan o. Owó àfipamọ́ gbogbo wa la fi ń yá a, bó bá sì dojú rú, àwọn onígbọ̀wọ́ tó fọwọ́ sí ìwé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kí ló ń ba fọ́tò òru jẹ́? Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ni. Bí iná ìjọba bá lọ lóde ìnáwó, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì gbé gbogbo gílóòbù, kámẹ́rà á la ojú lẹ́ǹsì sí i, tàbí kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ nínú rẹ̀, tàbí kó gbé ISO sókè. Bó bá pẹ́ jù, ìyàwó tó ń jó á di òjìji. Bí ISO bá ga jù, ojú ènìyàn á máa ṣe hóró-hóró bíi gààrí.

Lẹ́ǹsì tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí sábà máa ń ní nọ́ńbà 3.5 sí 5.6. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń là tó. Lẹ́ǹsì 50mm tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 ti 5.6. Ẹ wá wo kámẹ́rà fúnra rẹ̀: àwo tó ń gba àwòrán nínú àwọn ńlá jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, ti èyí tí púpọ̀ ń lò tó 23.5 sí 15.6. Ìlọ́po 2 àti díẹ̀ péré ni ti ńlá. Èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti lẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ga jù ú lọ fíìfíì.

Àmọ́ ẹ má fi 1.8 ya mọ̀lẹ́bí tó tò ní ìlà mẹ́ta. Ìlà kan ni yóò mọ́, ìyókù á ṣe bàìbàì. Fíláàṣì ni ti ibẹ̀. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí àjà funfun, ìmọ́lẹ̀ á rọra bọ́ sórí gbogbo wọn. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ìfọ-fọ́tò ní Ìbàdàn níbí ní 1954, kámẹ́rà Brownie tí kò ní fíláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, orúkọ rẹ̀ sì ti kárí ayé kó tó kú ní 2014.

Ta wá ni kámẹ́rà tuntun tọ́ sí? Ẹni tó ti ní lẹ́ǹsì àti fíláàṣì, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọn ò ti gba fíláàṣì, bí inú ìsìn, tí tirẹ̀ sì ti gbó. Kóun náà ṣọ́ra: Canon àti Nikon bẹ̀rẹ̀ irú ìdè lẹ́ǹsì mìíràn ní 2018, lẹ́ǹsì àtijọ́ ò lè wọ̀ ọ́ láìra àfikún.

Ká ní gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú èlé jẹ́ ₦1,200,000, tí ₦40,000 sì ń kù lọ́wọ́ yín lórí òde kan. Òde 30 nìyẹn. Àwọn òde tí ẹ ti ń rí tẹ́lẹ̀, kámẹ́rà tuntun kọ́ ló mú wọn wá, ẹ má kà wọ́n mọ́ ọn. Èyí tí ẹ pàdánù nítorí fọ́tò tó ṣú ni kí ẹ kà. Bí kò bá ju ẹyọ kan lóṣù, oṣù 30 ni! Ẹ háyà irú kámẹ́rà náà fún òde kan ná, kí ẹ fi fọ́tò rẹ̀ wé tàtijọ́.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye ìgbà tó ti yàwòrán, bí a ti ń béèrè máìlì tí mọ́tò ti rìn. Kí ẹni tó tà á kọ nọ́ńbà ara kámẹ́rà sórí rìsíìtì, nítorí ìgbìmọ̀ owó yíyá yóò béèrè rẹ̀.