Ẹ̀wà Tí Wọ́n Tún Àbùdá Rẹ̀ Ṣe

Ìbéèrè: Olóòtú, mo gbọ́ pé ẹ̀wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún àbùdá rẹ̀ ṣe ti wà lọ́jà. Ṣé kò ní ṣe àwọn ọmọ mi ní jàǹbá? – Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, tí ẹ̀wà kì í wọ́n nílé wọn. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T, èyí tí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Zaria gbé jáde, tí àbùdá bakitéríà inú ilẹ̀ kan wà lára rẹ̀, kí kòkòrò Maruca, ọ̀bàyéjẹ́ tí í dá òdòdó ẹ̀wà lu, tí í sì wọ inú èèpo lọ jẹ ọmọ rẹ̀ ní tútù, lè kú bí ó bá ti fẹnu kàn án. Àgbẹ̀ tí ń fín oògùn léraléra, tí ojú ń ta, mọ oore tí ìyẹn jẹ́. Èròjà tí ń pa kòkòrò náà kò rí ohun tí yóò gbá mú nínú ìfun ènìyàn. Nítorí náà, èmi kò bẹ̀rù àti jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, ìfura ni oògùn àgbà. Òkìtì ẹ̀wà ọjà kò ní àkọlé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ wa ni kí a mọ ohun tí a ń rà; ní 2024, àwọn aṣòfin Àbújá pàápàá ní kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ irúgbìn tí wọ́n tún àbùdá wọn ṣe.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé apá àbùdá yìí kò ká kòkòrò tí ń lu ẹ̀wà nínú àpò, tí àwọn oníṣòwò kan fi ń da oògùn olóró sí i. Ẹ̀wà tó bá ń rùn bí oògùn, ẹ má rà á.