Kí Ẹ̀jẹ̀ Tó Dé Ilé Àyẹ̀wò

Ilé tiwa ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Isundunrin, ní agbègbè Èjìgbò, tí àrùn àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra tipẹ́. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ sínú ìgò lásán, ó sì fi rán ọlọ́kadà sí ilé àyẹ̀wò. Ọlọ́kadà ń já èrò kiri. Agogo méjì ọ̀sán ni ó tó jíṣẹ́. Èsì tí ó jáde ni 120 mg/dl. Inú màmá dùn. "Ọmọ mi, ṣúgà ti wálẹ̀," ni wọ́n wí fún mi, wọ́n sì dá oògùn dúró. Kò pẹ́ tí egbò kékeré kan yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, tí ó kọ̀ tí kò jinná.

Mo lọ bi ọ̀gá ilé àyẹ̀wò náà léèrè. Ó ṣí ìwé rẹ̀, a sì rí i pé wákàtí mẹ́fà ni ó wà láàárín ìgbà tí a gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tí ó dé ọwọ́ wọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ṣì ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, bí 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ohun tí ó di 120 lè ti jẹ́ nǹkan bí 180 nígbà tí ó kúrò lára màmá. Ó gbà pé ó yẹ kí àwọn ti dá ìgò náà padà. Bí iṣu bá ti rà kí a tó gún un, ẹjọ́ odó kọ́ ni bí iyán bá koro.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣe. Ní 1997, Plebani àti Carraro ní ìlú Padua ní ilẹ̀ Ítálì kọ ọ́ pé nínú 100 àṣìṣe tí àwọn rí nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò, bí 68 ti ṣẹlẹ̀ kí àyẹ̀wò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bí 13 péré ni ó jẹ́ ti àyẹ̀wò fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, ẹ rí i pé a kọ orúkọ yín sára ìgò lójú yín, kí ẹ tó dìde.

Èkejì, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbààwẹ̀, wákàtí mẹ́jọ ni, ó kéré tán. Ẹ lè mu omi lásán, ṣùgbọ́n kì í ṣe tíì.

Ẹ̀kẹta, kí okùn má pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ lápá yín, kí ẹ má sì máa di ẹ̀ṣẹ́ tú ẹ̀ṣẹ́. Ìyẹn a máa mú kí pọtasíọ̀mù ga lórí irọ́, wọn a sì rò pé kíndìnrín ń ṣàìsàn.

Ẹ̀kẹrin, fún ṣúgà, bí ọ̀nà bá jìn, ẹ bèèrè ìgò ọlọ́mọrí eérú, tí ó ní oògùn tí ń dín jíjẹ ṣúgà kù.

Ẹ̀karùn-ún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti inú àyà ni a fi ń wá ikọ́ ife, kì í ṣe itọ́ ẹnu.

Ilé àyẹ̀wò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí wọ́n ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ gbogbo ìgò tí wọ́n dá padà sí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bí 200 bá wọlé lóṣù, tí a dá 10 padà, 5 nínú 100 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan náà ni 7 nínú 10 ọ̀hún ti wá, a ti mọ ẹni tí ó yẹ kí á tún kọ́ ní iṣẹ́. Ilé àyẹ̀wò tí kò ka àṣìṣe rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó ń dín kù.

Màmá ti padà sídìí oògùn, egbò náà sì ti ń san. Ẹ má ṣe torí èsì kan ṣoṣo dá oògùn dúró láìbi dókítà. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.