Ọ̀nà Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: Ìtàn Rẹ̀ àti Ibi Tí Ó Gbà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Abẹ́òkúta ni ó gbà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ọkọ̀ wá: ọ̀kan gba Abẹ́òkúta, òmíràn gba Ìkòròdú àti Ṣágámù. Inú ìlú ni wọ́n ń wọ̀, inú ìlú ni wọ́n ń jáde. Èyí dára fún ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ó ń dá ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn dúró. Nítorí náà ni ìjọba ológun ṣe la ọ̀nà kẹta, tí a ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún 1978. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 127.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀nà márosẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún àwọn tí ń lọ, èkejì fún àwọn tí ń bọ̀, pẹ̀lú ìlà ilẹ̀ láàrin wọn. Kì í wọ inú ìlú. Bí ọ̀nà ńlá mìíràn bá pàdé rẹ̀, ọ̀kan á gba orí afárá, èkejì á gba abẹ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ má baà dá ara wọn lọ́nà.

Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀nà yìí là kọjá: Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́. Láti Ọjọ́ta, ó gba Ọjọ́dù, ó sì gun afárá gígùn tí ó kọjá lórí àbàtà odò Ògùn. Lẹ́yìn afárá ni Mágbọ̀rọ̀, Ìbàfo àti Mowé. Ní ìta Ṣágámù ni ọ̀nà tí ó ti Ọrẹ àti Benin wá ti pàdé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó gba Ògèrè àti Ògúnmákin, títí ó fi dé Ìbàdàn.

Ọ̀nà náà yẹra fún ìlú. Ṣùgbọ́n ìlú wá bá a. Ní ọdún 1983 ni ìjọ Ìràpadà ra ilẹ̀ àgọ́ rẹ̀ lẹ́bàá Mowé, àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn tí owó ilé Èkó wọ́n jù fún kọ́lé sí Ìbàfo àti Mágbọ̀rọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sọ Ògèrè di ibùsọ̀. Báyìí ni ọ̀nà tí a là fún eré sísá di ojúde tí ènìyàn ń ré kọjá, tí ọlọ́jà ń pàtẹ sí. Ẹ̀mí tí ó ti bá a lọ kò kéré.

Ohun kejì tí ó bà á jẹ́ ni ẹrù. Bí ojú irin ti ń rẹ̀yìn, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ agbépo ni ó ń kó ẹrù èbúté Èkó lọ sókè. Ìdánwò tí a ṣe ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1958 sí 1960 fi hàn pé bí ẹrù orí táyà bá di ìlọ́po méjì, ìpalára rẹ̀ fún ọ̀nà a máa tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ọ̀dà á sán, omi òjò á wọ inú rẹ̀, ihò á sì yọ.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú. Àwọn baba wa mọ owó ibodè. Ọ̀nà yìí náà ní ibodè tirẹ̀ títí ìjọba fi pa á rẹ́ ní ọdún 2003. Ní 2009 a gbé ọ̀nà náà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan láti tún un ṣe. Ní 2012 a gbà á padà. Ní 2013 ni àtúnkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní apá méjì: láti Èkó dé Ṣágámù, àti láti Ṣágámù dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún ju bí a ti rò lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ wa, kí a má ṣe dúró lórí orúkọ ìlú àti iye kìlómítà. Kí a bi wọ́n pé: ta ni ó ń lo ọ̀nà yìí, kí ni wọ́n ń rù, ta ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀? Ọmọ tí ó bá mọ ìdáhùn yóò mọ̀ pé ọ̀nà kì í parí ní ọjọ́ tí a bá ṣí i.